Bí mo ṣe kó ìwádìí lórí owó arúgbó jọ látinú dátábéèsì, látorí òfo dórí fáìlì tó ṣe é kà

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nìyí. Mò ń ṣiṣẹ́ wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan l'Ékìtì níbí, mo sì ń ṣe másítà nínú social work mọ́ ọn, súpáfáísọ̀ mi wá ní kí n lọ kó gbogbo ìwádìí tó wà nílẹ̀ lórí owó oṣooṣù tí ìjọba ń fún àwọn arúgbó tí ò ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ṣé owó yẹn ń yí oúnjẹ wọn, ìlera wọn àti ti ọmọ-ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn padà àbí kò yí nǹkan kan padà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò jìnnà sí wa, torí lọ́dún 2011, láyé Gómìnà Fáyẹmí, Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún arúgbó tó ti pé 65 ní 5,000 náírà lóṣù, ẹni tó bá ní ìyá àgbà nílé nígbà yẹn á rántí. Súpáfáísọ̀ wá fi kún un pé bí òun bá gba ìwé nóòtù mi tí òun gbé e fún ẹlòmíì, ẹni yẹn gbọ́dọ̀ lè tún wíwá náà ṣe kó sì bọ́ sórí ohun kan náà. Gbólóhùn yẹn ló sọ ọ́ di iṣẹ́, torí "mo wá a lórí Google mo rí i" ò tó mọ́ nìyẹn.

Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe lọ, pẹ̀lú àwọn ibi tó ti wọ́, fún ẹni tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ fún lọ́la.

1. Irinṣẹ́ àti owó

Láptọ́ọ̀pù àlòkù kan tí bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú tí iná bá ti lọ, fóònù fún hotspot, ìwé nóòtù tó nípọn, Excel, Notepad, àti Zotero. Ọ̀fẹ́ ni Zotero, àwọn George Mason University l'Ámẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2006, òun ló ń bá èèyàn to ìwé tó bá rí. Notepad yẹn ẹ má fojú kéré ẹ̀ o, ó máa tó wúlò.

Owó dátà ló pọ̀ jù. Abstract, ìyẹn àkékúrú tó máa ń wà lókè ìwádìí, kì í jẹ dátà, PDF ló ń jẹ ẹ́, nítorí náà abstract nìkan ni mò ń kà nílé, PDF di ọjọ́ tí mo bá lọ sí e-library iléèwé, níbi tí wáyà wà. Mo sì fi ṣe òfin fún ara mi pé mi ò ní sanwó ra ìwádìí kankan, torí àwọn tó ń tẹ jọ́nà lè ní kí èèyàn san ohun tó lé ní 30 dọ́là lórí ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ bá mi sọ ọ́ di náírà kẹ́ ẹ wò ó.

2. Ìwé ìdánwò

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì ló kọ́ mi ní èyí. Ó ní bí àwọ̀n bá dáa, ẹja tí èèyàn ti mọ̀ pé ó wà nínú odò gbọ́dọ̀ kó sí i. Nítorí náà kí n tó wá ohun tí mi ò mọ̀, mo mú ìwádìí mẹ́ta tí mo ti mọ̀, mo kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé nóòtù. Ìgbàkígbà tí mo bá ti tún ọ̀rọ̀ wíwá mi tò, màá wò ó bóyá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, èyí tí ò bá jáde, mo gbọ́dọ̀ mọ ìdí ẹ̀ kí n tó kọjá.

Èkíní ni ti Anne Case àti Angus Deaton, 1998, lórí owó arúgbó South Africa. Èkejì ni ti Esther Duflo, 2003, lórí owó yẹn kan náà ní South Africa kan náà: ohun tó rí ni pé bó bá jẹ́ ìyá àgbà ló ń gba owó, ó ń hàn lára àwọn ọmọ-ọmọ obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ara wọn ń gbé pẹ́ẹ́lí sí i, bó bá jẹ́ bàbá àgbà ló gbà á, kò hàn lára ọmọ kankan. Mo sọ ọ́ fún àwọn ìyá kan tó wá gba fọ́ọ̀mù lọ́fíìsì wa, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ṣé ìyẹn náà gba ìwé kíkà ni. Ẹ̀kẹta ni àdánwò kan tí wọ́n ṣe l'Ékìtì níbí gan-an lórí owó arúgbó tiwa.

Ẹ wá wo àkòrí wọn. Case àti Deaton pe owó náà ní "cash transfers", wọ́n pe àwọn tó ń gbà á ní "the elderly". Duflo pè é ní "old-age pensions", kò sì sí "elderly" nínú àkòrí tirẹ̀ rárá, "grandmothers" ló kọ. Owó kan náà o, orílẹ̀-èdè kan náà. Ẹni tó bá tẹ "cash transfers" pẹ̀lú "elderly" sínú àkòrí á rí ọ̀kan, èkejì á sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ó mọ̀ pé nǹkan kan kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ téèyàn bá tẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an, dátábéèsì, àká tí wọ́n to ìwé ìwádìí sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wulẹ̀ ń dáhùn ohun tá a bá bi í ni.

3. Google Scholar lákọ̀ọ́kọ́, kò já mọ́ nǹkan kan

Scholar ni ti Google tó ń wá ìwé ìwádìí nìkan. Mo tẹ odindi gbólóhùn sí i bí ẹni ń bi èèyàn ní ìbéèrè: effects of government monthly money for the elderly in Ekiti State Nigeria. Ìwé ya dé bí omi òjò, ṣùgbọ́n pẹ́ńṣàn òṣìṣẹ́ ìjọba ló kún ojú ewé àkọ́kọ́, àti arúgbó tó ń dáko, àti arúgbó tí ojú ń dùn. Ohun méjì wà téèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa Scholar. Iye yòówù kó ní òun rí, kò ní fi ju 1,000 hàn ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ tó o tẹ̀ bá sì ti kọjá 256 lẹ́tà, ó ti pọ̀ jù fún un. Kò mọ àmì ìràwọ̀ náà, pé kéèyàn tẹ grandmother* kó bá a mú grandmothers, kò ṣe ìyẹn.

Mo wá fi "social work" kún un, èrò mi ni pé ìyẹn á mú kó súnmọ́ tiwa. Ó burú sí i ni! Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ̀wé lórí owó arúgbó, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni wọ́n, wọn ò ní kí "social work" wọ abstract wọn láéláé. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ orúkọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ, má fi sínú wíwá, ibi tó o ti ń wá nǹkan ni kó o fi yan ẹ̀ka.

Mo pa Scholar tì, mo fi sílẹ̀ de iṣẹ́ míì tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

4. Òpó mẹ́ta

Mo fa òpó mẹ́ta sínú ìwé nóòtù: èèyàn, owó, ibi. Abẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan ni mò ń kọ gbogbo orúkọ tí ẹnikẹ́ni lè fi pe nǹkan náà sí, OR ló so wọ́n pọ̀ (èyíkéyìí tó bá wà nínú wọn, ó tó), AND ló wá so òpó mọ́ òpó (ìwé gbọ́dọ̀ ní nǹkan kan látinú òpó kọ̀ọ̀kan). Lẹ́tà ńlá ni OR àti AND gbọ́dọ̀ jẹ́ o, ẹni tó bá ń fi fóònù tẹ̀ ẹ́ kó ṣọ́ra, torí fóònù a máa dédé yí OR padà sí Or.

Òpó èèyàn ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Elderly rọrùn. "Older people", "older persons", "older adults", "senior citizens", gbogbo wọn wọlé. Ageing ni ti àwọn ọmọ Bìrìtìkó, aging ni ti Amẹ́ríkà, ẹ kọ méjèèjì. Grandmother àti grandparent wọlé nítorí Duflo. Ìgbà tí mo fi aged sí i ni wàhálà dé, mo ṣe bí arúgbó ni yóò mú wá, àfi bí gbogbo ìwádìí lórí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ṣe rọ́ wọlé, abájọ, "children aged 3 to 5" ló wà nínú abstract wọn. Mo yọ aged sọnù.

Òpó owó. Pension ló dá nìkan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tí pension pẹ̀lú Nigeria máa kó wá: Pension Reform Act ti 2004, òun náà tí wọ́n tún ṣe ní 2014, tíṣà tó fẹ̀yìn tì tí wọn ò san tiẹ̀, ilé ìfowópamọ́ pẹ́ńṣàn, gbogbo ohun tí a ò bá wá. Arúgbó tí mò ń wá ò san pẹ́ńṣàn kankan rí, ó ń ta gààrí tàbí ó ń dáko iṣu ni títí tí agbára fi tán. Mo wá pín in sí "social pension", "old age pension", "old age grant", "non-contributory pension", "cash transfer", "social assistance", "social protection", stipend. "Social security" tí Èkìtì fi pe ètò tiwa gan-an ló le jù, torí l'Ámẹ́ríkà ó lórúkọ ètò ìfẹ̀yìntì gbogbo ìlú wọn, ní Nàìjíríà ẹ̀wẹ̀ ó ń kó ọlọ́pàá àti ajínigbé wá. Inú wíwá ti Nàìjíríà nìkan ni mo ti lò ó, kì í ṣe ti Áfríkà lápapọ̀, inú àkòrí nìkan ni mo sì ti ní kó wá a, [ti] ni PubMed fi ń mọ ìyẹn.

Òpó ibi ni mo rò pé ó rọrùn jù. Mo tẹ Niger* sí PubMed, dátábéèsì ìwé ìṣègùn, kí n lè mú Nigeria àti Nigerian pọ̀, Niger Republic dé, Niger Delta dé, wọ́n tún wá mú Aspergillus niger wá, èbu dúdú orí àlùbọ́sà, òun nìkan pọ̀ ju gbogbo arúgbó lọ. Nigeria* ni kẹ́ ẹ kọ.

Èyí tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ rí ni ti Ondo. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Ondo. Ẹni tó ṣe ìwádìí nípa arúgbó n'Íkẹ̀rẹ́ tàbí n'Ífàkì ní 1988, "Ondo State" ló máa kọ sínú abstract ẹ̀, Ekiti lè má sí níbẹ̀ rárá. Mo fi Ondo kún un, mo sì fi Yoruba kún un torí àwọn kan ò dárúkọ ìpínlẹ̀ kankan, "a Yoruba town" ni wọ́n máa ń kọ. Ìwádìí mélòó kan nípa bí àwọn ọmọ ṣe ń bọ́ òbí wọn tó ti darúgbó jáde látinú ìyẹn, kò ní owó ìjọba nínú, ṣùgbọ́n mo fi pamọ́ fún orí kejì.

Bó bá di Áfríkà lápapọ̀, ọ̀rọ̀ Africa nìkan ò tó, torí ẹni tó kọ̀wé nípa Lesotho, Lesotho ló máa kọ, kò ní rántí bá ẹ kọ Africa sí i. Orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè ni mo tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gùn, kò sí ọ̀nà míì. Mo tún fẹ́ fi orúkọ ètò kọ̀ọ̀kan sí i, Inua Jamii ti Kenya ò ní wàhálà. LEAP ti Ghana, ìyẹn ń mú fífò wá, eré ìdárayá. SAGE ti Uganda ló wá burú jù nínú gbogbo wọn: SAGE lorúkọ ilé iṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà, SAGE tún lorúkọ ìwádìí ńlá kan tí WHO ń ṣe lórí, ẹ gbọ́ o, àwọn àgbàlagbà, ní Ghana àti South Africa pẹ̀lú! Arúgbó ni lóòótọ́, Áfríkà ni lóòótọ́, owó ni ò sí níbẹ̀. Mo kọ "Senior Citizens Grant" dípò ẹ̀.

Súpáfáísọ̀ fẹ́ òpó kẹrin, oúnjẹ àti ìlera. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a fi sílẹ̀. Ẹni tó ṣe ìwádìí lè wọn ìwúwo ọmọ kó má dárúkọ health nínú abstract, òpó kẹrin á sì gé e dànù. Ojú wa la máa fi ṣa ìyẹn. Ó gbà.

5. PubMed

Ti ìṣègùn ni PubMed, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni, kò wúwo lórí dátà, ó sì ń sọ ohun tó fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣe fún ẹ, ìyẹn ni mo ṣe fi ṣe ibi ìdánrawò. Ẹ má tẹ òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lọ sí Advanced, ẹ tẹ òpó èèyàn nìkan, ẹ jẹ́ kó dáhùn, kẹ́ ẹ tẹ òpó owó, kẹ́ ẹ tẹ òpó ibi, gbogbo wọn máa tò sí abẹ́ History pẹ̀lú nọ́ńbà tiwọn, lẹ́yìn náà ẹ wá kọ #1 AND #2 AND #3. Bí nǹkan kan bá bàjẹ́ ẹ ti mọ òpó tó bà á jẹ́.

Ní ojú ewé yẹn náà, Details wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíwá kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́. Èmi tẹ elderly lásán, mo rí i pé PubMed ti bá mi so ó mọ́ "Aged", orúkọ tí àwọn onílé ìwé ìṣègùn fi ń pe ẹni tó ti pé 65 sókè nínú MeSH, àtòjọ orúkọ wọn. Ìrànlọ́wọ́ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá ti fi ìràwọ̀ sí ọ̀rọ̀, ìrànlọ́wọ́ yẹn dáwọ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ náà, ohun tó o kọ nìkan ló máa wá. Mo wá ń lo méjèèjì: ìlà kan fún MeSH, ìlà kan fún ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ fúnra mi, OR láàárín wọn. "Africa South of the Sahara" nínú MeSH ń kó gbogbo orílẹ̀-èdè abẹ́ ẹ̀ wá, èyí dùn mọ́ mi gan-an, àmọ́ ìwé tuntun tí wọn ò tíì fún ní MeSH ò ní sí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi pa àtòjọ orílẹ̀-èdè mi rẹ́.

Bó bá kọ ọ́ pé òun ò rí gbólóhùn tó wà nínú àmì àyọlò, ẹ má fojú fò ó. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ó ti tú gbólóhùn yẹn ká, ó ń wá ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí kì í ṣe ti ohun tẹ́ ẹ rò.

Case àti Deaton ò jáde. Duflo náà ò jáde. Ọkàn mi kọ́kọ́ dà rú, àṣé jọ́nà ọrọ̀ ajé ni wọ́n tẹ méjèèjì sí, PubMed kì í sábà gbé irú jọ́nà bẹ́ẹ̀. JSTOR, àká jọ́nà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé e. Ẹni tí iléèwé ẹ̀ ò sanwó JSTOR lè ṣí àkáǹtì fúnra ẹ̀, wọ́n ń jẹ́ kéèyàn ka tó 100 ní 30 ọjọ́ lórí ẹ̀rọ láìsan kọ́bọ̀, kò kàn ní lè dáńlóòdù wọn ni.

6. NOT tó fẹ́ pa iṣẹ́

Pẹ́ńṣàn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń bí mi nínú. Contributory Pension Scheme lorúkọ tí wọ́n fi ń pe ètò yẹn, mo wá ní kò burú, mo kọ NOT contributory sí ìparí. Ohun tó jáde mọ́ tónítóní, ó dín kù gan-an, mo ti fẹ́ tì í bẹ́ẹ̀. Ìwé ìdánwò ẹ̀yìn nóòtù ò sọ nǹkan kan torí kò sí "contributory" nínú àkòrí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwádìí kan nípa Lesotho tí mo ti rí tẹ́lẹ̀ ni mo dédé wá tí mi ò rí mọ́.

Àlàyé ẹ̀ rọrùn tí mo bá fi ara balẹ̀ wò ó. Àmì kékeré tó wà láàárín non-contributory, bí àlàfo ni dátábéèsì ṣe ń rí i. Lójú ẹ̀ ọ̀rọ̀ méjì ni, non àti contributory. Mo sì ti sọ fún un pé ìwé tó bá ní contributory nínú kó jù ú nù. Ìwé tí mò ń wá gan-an ni mo ń lé jáde! Láti ìgbà yẹn mi ò fi NOT gé nǹkan tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Pẹ́ńṣàn òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá yọjú, ọwọ́ ni mo fi ń yọ ọ́ nínú Excel, ó gba àkókò, kò gba ìwé lọ́wọ́ mi.

7. Àwọn dátábéèsì tiwa gan-an

E-library iléèwé ni mo ti lo ìwọ̀nyí torí owó ni wọ́n ń san lé wọn. Páásìwọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ti kú kí n tó débẹ̀, wọ́n ní kí n padà wá, mo padà wá, iná ti lọ. Ìyẹn nìyẹn.

Social Work Abstracts ti NASW, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ social work Amẹ́ríkà, ló gba orúkọ lórí iṣẹ́ wa, gbogbo èèyàn á ní ibẹ̀ ni kó o lọ. Ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Àwọn olùwádìí kan l'Ámẹ́ríkà níbẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan bíi 2008 sí 2009, wọ́n rí ihò nínú ẹ̀, ìwé tó yẹ kó wà tí ò sí. Èmi rí ohun tó wúlò níbẹ̀ nípa bí a ṣe ń bá arúgbó ṣiṣẹ́, nípa owó arúgbó Áfríkà, ó kéré. Social Services Abstracts àti ASSIA, àwọn tó wà lábẹ́ ProQuest, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta dátábéèsì, ló ràn mí lọ́wọ́ jù, pàápàá Sociological Abstracts tó ń kó jọ láti 1952, torí ibẹ̀ ni Ondo àtijọ́ ti yọjú.

Ohun mẹ́ta ni mo kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Full text tí wọ́n máa ń ní kéèyàn fàmì sí, ẹ yọ àmì yẹn. Bó bá wà níbẹ̀, ìwé tí abstract ẹ̀ nìkan wà á fara pa mọ́, ẹ̀yin á sì rò pé kò sí. Peer reviewed náà, ìyẹn kó mú kìkì ìwé tí àwọn onímọ̀ míì ti yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ó ń gé ìròyìn HelpAge, àjọ tó ń ṣojú àwọn arúgbó, àti ti World Bank jáde, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn ni wọ́n sábà máa ń kọ nípa ètò tí ò tíì pẹ́. Èkejì, wọ́n ní ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi lè súnmọ́ ọ̀rọ̀: older N3 adult nínú EBSCO, ilé iṣẹ́ dátábéèsì míì, túmọ̀ sí pé kí ọ̀rọ̀ méjèèjì má jìnnà síra ju mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò mú "older poor rural adult" wá. PubMed náà ti ní irú ẹ̀ láti 2022. Ẹ̀kẹta ni ti Notepad tí mo sọ. Mo da ọ̀rọ̀ wíwá mi kọ látinú Word, Word ti yí àmì àyọlò padà sí oníkọ́rọ́kọ̀rọ́, dátábéèsì kan ò mọ̀ ọ́n, ó tú gbogbo gbólóhùn ká, èmi sì ń yọ̀ pé mo rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Inú Notepad ni kí ọ̀rọ̀ wíwá máa gbé.

Lábẹ́ wíwá kọ̀ọ̀kan mò ń kọ ọjọ́, orúkọ dátábéèsì, ọ̀rọ̀ gan-an bó ṣe rí, àmì tó wà lára ẹ̀ àti iye tó jáde. Súpáfáísọ̀ gbé ti PubMed fún ọmọ kíláàsì mi kan, ó tún un ṣe, tiẹ̀ lé díẹ̀ ju tèmi lọ torí ìwé tuntun ti wọlé láàárín. Ọjọ́ tí mo kọ ló gbà mí sílẹ̀.

8. AJOL, àti kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀ka

AJOL, African Journals Online, láti 1998 ni wọ́n ti wà, South Africa ni ilé wọn wà, jọ́nà Nàìjíríà kún ibẹ̀ fọ́fọ́, African Journal of Social Work náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni mo lò, méjì-méjì: elderly Ekiti, elderly welfare, older Ondo. Lẹ́yìn náà mo ṣí jọ́nà tó jọ tiwa lọ́kọ̀ọ̀kan mo ka àkòrí inú ẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò sí ẹ̀rọ tó máa ṣe é.

Ìwé pírọ́jẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ti ṣetán kọ sílẹ̀ ní ẹ̀ka wa ò sí nínú dátábéèsì kankan tí mo wò. Mo lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń tọ́jú yàrá ìwé ẹ̀ka, mo kí wọn, ẹ kú iṣẹ́ o bàbá, mo ní mo fẹ́ wo ti arúgbó. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé èyí tí ọ̀dọ́mọbìnrin Ìjerò yẹn kọ ni, tó ń lọ bá àwọn ìyá tó ń gba owó Fáyẹmí?" Wọ́n ò wo ìwé kankan o, wọ́n na ọwọ́ sí abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fa á yọ, wọ́n gbọn eruku ẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò sí níbì kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àwọn ìyá ń sọ ohun tí wọ́n fi 5,000 ra lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á, iye tí ọlọ́kadà gbà lọ́wọ́ wọn láti ilé dé ibi ìsanwó. Èèyàn méjì péré ni wọ́n ti gbé e fún láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀, wọ́n sọ fún mi bẹ́ẹ̀.

9. Scholar padà sẹ́nu iṣẹ́

Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni "Cited by", ìyẹn gbogbo ìwé tó tọ́ka sí ìwé kan. Mo ṣí Duflo, mo tẹ Cited by, mo fàmì sí i pé kó máa wá nínú àwọn tó tọ́ka sí i nìkan, mo wá tẹ Nigeria. Ṣé ẹ rántí ẹ̀kẹta nínú ìwé ìdánwò, ti Èkìtì tiwa? Orí Scholar ni mo ti ń rí ipa ẹ̀ jù, ó sì gbé mi lọ sí AgEcon Search, ilé ìkówèésí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀. Owó arúgbó l'Ékìtì, inú àká àwọn àgbẹ̀ l'Ámẹ́ríkà! Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà wo ló máa wá a débẹ̀?

10. Ṣíṣà

Gbogbo ẹ̀ wọ Zotero. Duplicate Items bá mi rí èyí tó jọra, mo pa wọ́n pọ̀. Kò lè bá ẹ rí ìwádìí kan náà tó jáde bíi working paper lónìí tó sì di jọ́nà lọ́la pẹ̀lú àkòrí míì, orúkọ àwọn tó kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ tò kẹ́ ẹ fojú wá a. 300 MB ni àyè ọ̀fẹ́ tí Zotero ń fúnni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, PDF máa kún un kíá, orí flash ni tèmi wà.

Èmi àti bùọ̀dá kan lọ́fíìsì la jọ ṣà á, kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Excel lọ́wọ́ kálukú: gbà, kọ̀, bóyá, àti ìdí. A jà lórí LEAP ti Ghana. Ó ní arúgbó wà nínú ẹ̀, èmi ní ọmọ aláìlóbìí àti aláàbọ̀ ara tó ní ìpèníjà ńlá náà wà nínú ẹ̀, bí ìwádìí ò bá ya ti arúgbó sọ́tọ̀, báwo la ṣe máa mọ ẹni tí owó náà ràn lọ́wọ́. A fi àbọ̀ sí i: èyí tó bá ya arúgbó sọ́tọ̀ nínú tábílì ẹ̀, ó wọlé. Ìyẹn túmọ̀ sí pé a ní láti ṣí PDF wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kú owó dátà.

11. Ibi tó dé

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìwé ìdánwò ti wà nínú fáìlì, kò sí dátábéèsì kan ṣoṣo tó dá fún mi ní gbogbo wọn. Mo ti ṣí àkáǹtì ní PubMed, ó ń fi tuntun ránṣẹ́ sí ímeèlì mi. EconLit, dátábéèsì àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ló kù, mo ń wá ibi tí wọ́n ti ní in.

Ọ̀rọ̀ wíwá ti Nàìjíríà nìyí, ẹ dà á kọ sínú Notepad:

#1 elderly OR "older people" OR "older person*" OR "older adult*" OR "senior citizen*" OR ageing OR aging OR grandmother* OR grandparent*

#2 "social pension*" OR "old age pension*" OR "old age grant*" OR "non-contributory pension*" OR "cash transfer*" OR "social assistance" OR "social protection" OR stipend* OR "social security"[ti]

#3 Nigeria* OR Ekiti OR Ondo OR Yoruba

#4 #1 AND #2 AND #3

Ẹni tó bá ń ṣe ti Ọ̀ṣun, kó yọ Ekiti àti Ondo, kó fi Osun àti Oyo sí i, torí 1991 ni wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́.